Aṣọ́lẹ̀kùn Inú Páálí

Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n kọ̀, kò dúró sójú kan. Obìnrin náà gbé ọmọlangidi lé e tòun ti páálí rẹ̀, abẹ́rẹ́ lọ sókè díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó tún lọ sókè, jẹ́jẹ́, bí ikùn ọmọ tó ń sùn. Ó pa fáànù. Ó ti fèrèsé. Abẹ́rẹ́ ò gbọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ní àfàìmọ̀ kí òṣùwọ̀n yìí má ti darúgbó bí òun alára, ó sì gbé páálí náà kúrò lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa díye lé ohun ìṣeré àtijọ́. Àwọn àgbàlagbà wà tí wọ́n ń kó ọmọlangidi jọ, tí wọn kì í fi ṣeré, tí wọn kì í tilẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá kó lè sọ bóyá ojúlówó ni àbí ayédèrú. Àdúgbò ń pè é ní Ìyá Ọlọ́mọlangidi. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, ṣùgbọ́n kò bínú. Ó ní ọmọ tí kì í sunkún, tí kì í sì í ṣàìsàn, ta ni yóò kọ̀ ọ́?

Èyí tó wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, dókítà eléyín kan ló gbé e wá. Kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Aṣọ́lẹ̀kùn ni, ọ̀kan nínú àwọn èèyàn inú fíìmù àtijọ́ kan nípa ọkọ̀ tó ń rìn láàárín ìràwọ̀. Nínú fíìmù náà, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ṣílẹ̀kùn fún ọ̀gá ọkọ̀, ó tì í, ó parí. Bí o bá ń bu omi mu lásìkò yẹn, o ò ní rí i.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ọlọ́mọlangidi mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ṣe aṣọ́lẹ̀kùn náà nínú fíìmù, ó sì wà ní yàrá kejì níbẹ̀ yẹn, lórí ibùsùn, tó ń gbọ́ rédíò. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n da ẹfun tútù bò ó lójú kí wọ́n lè fi ojú rẹ̀ ṣe ọmọlangidi. Ó máa ń sọ pé nígbà tí wọ́n ṣí ẹfun náà kúrò, ó ṣe òun bí ẹni pé nǹkan kan nínú òun bá a lọ. Láti ìgbà náà, kò rí eré ṣe mọ́. Ó ń retí kí wọ́n pe òun títí irun orí rẹ̀ fi funfun, wọn ò pè é.

Obìnrin náà mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó yẹ ọmọlangidi wò láti ìta ike tó bo iwájú páálí. Ọ̀dà ojú rẹ̀ pé. Gúlúù páálí ò ṣí. Lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ó rí ilà kékeré kan tí ọ̀bẹ fà, àmì pé òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe jáde nínú gbogbo wọn. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Ó pe dókítà lójú ẹsẹ̀.

"Dókítà, ojúlówó ni o. Àkọ́bí pátápátá. Ẹ ò lè rí irú ẹ̀ mọ́."

"Ẹ ṣé gan-an mà. Mò ń bọ̀ wá gbé e."

Ìgbà tó gbé fóònù sílẹ̀ tán ló tan iná àlùkò tó fi ń mọ ike àtijọ́ yàtọ̀ sí tuntun. Ó tan án sí ojú ọmọlangidi.

"Ta ló ń tanná sí mi lójú?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kígbe láti yàrá kejì.

Ó pa á. "Iná wo, Bọ̀ọ̀dá mi?"

"Ó ti lọ. Àwọ̀ àlùkò báyìí ni."

Ilẹ̀kùn tó wà láàárín wọn wà ní títì. Ó dúró, ó tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan ju rédíò lọ. Ó wá rọra dorí páálí náà kodò láti wo ìdí rẹ̀, ó sì gbọ́ gbì! Ó gbé e dúró kíá, ó sáré wọlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ ibùsùn mú.

"Ilé ló yí," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Òrùlé di ìsàlẹ̀. Ó tún yí padà."

Ó gbé e padà sórí ibùsùn, ó padà sídìí tábìlì, ó tún gbé páálí lé òṣùwọ̀n. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí kó lè máa rí àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àyà gòkè, abẹ́rẹ́ gòkè. Àyà sọ̀, abẹ́rẹ́ sọ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé ó jókòó sílẹ̀ láìmọ̀ pé kò sí àga nídìí òun.

Dókítà eléyín dé. Ohùn rẹ̀ máa ń tutù, bí ẹni tó ń bá aláìsàn tó lanu sílẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ọ̀la ni mò ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń dì í," ó ní. "Wọ́n á fi sínú àpótí ike líle, wọ́n á fa gbogbo atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa. Ó di títí ayé nìyẹn."

"Ẹ má dì í, Dókítà. Mo bẹ̀ yín. Ẹ tà á fún mi, iye tó bá wù yín."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mà, ẹ̀yin náà lẹ ní kò sírú ẹ̀. Bí ẹni tó ń díye lé ọjà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ kó rà á, ẹni tó lọjà ò gbọdọ̀ tà á."

Ẹyin lohùn, ti obìnrin náà sì ti balẹ̀. Bó bá sọ pé ayédèrú ni báyìí, ta ló máa gbà á gbọ́? Bí ó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ tó ni ọmọlangidi ṣe ń wọ́n sí i lójú dókítà.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èémí ẹ̀gbọ́n mi ló wà nínú ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n yín?"

Ẹ̀gbọ́n ọ̀hún ti yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ ti ògiri. Dókítà wò ó, ó wo páálí, ó tún wò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti ṣòkòtò funfun rẹ̀.

"Ẹ̀yin nìyí! Aṣọ́lẹ̀kùn! Láti kékeré, bí mo bá ń wo fíìmù yẹn, ẹ̀yin nìkan ni mò ń wò. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí páálí yìí."

Bàbá náà yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ó mọ̀ mí," ó ní, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí.

Obìnrin náà já páálí gbà, ó gbá a mọ́ àyà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wúkọ́, ó di ìhà mú.

"Dá a padà fún wọn."

"Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n fẹ́ dì í pa. Ẹ̀mí yín ni."

"Ojú mi ni wọ́n fẹ́ tọ́jú. Ta ló tún fẹ́ tọ́jú ojú mi láyé yìí? Má dójú tì mí lónìí."

Láti kékeré, kò tíì kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu rí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe dá a padà. Bàbá náà fọwọ́ sí i, ó rọra kọ ọ́ dáadáa, ó tún ní kí wọ́n dì í kó le.

Lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sórí ibùsùn, ó ń yarun, ó ń sọ̀rọ̀ dókítà. "Mọ́tò ń mì mí," ó sọ lójijì. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Wọ́n ti gbé mi sílẹ̀. Ibẹ̀ tutù." Àbúrò rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ń pe dókítà, fóònù ń dún, kò gbé e.

"Àbúrò mi, ṣí fèrèsé."

Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Ó ṣí ilẹ̀kùn náà, ó tú gèlè, ó ń fi fẹ́ ẹ, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ìyàrun dúró sínú irun.

Kò kú, ṣùgbọ́n kò mira mọ́. Dókítà tòótọ́, èyí tí kì í ṣe ti eyín, wá, ó gbé ohun èlò rẹ̀ sí i láyà. Ó ní ọkàn ń lù, ó ń falẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ara dá ṣáṣá. Kò mọ ohun tó ṣe é. Irun bàbá náà kò gùn mọ́, èékánná rẹ̀ kò gùn. Obìnrin náà ń wẹ̀ ẹ́ lárààárọ̀, ó ń rí i pé òun ń gbó, ẹ̀gbọ́n òun kò gbó. Ó lọ sílé dókítà eléyín títí wọ́n fi ní kó má wá mọ́.

Ó pẹ́ kí dókítà náà tó pè é fúnra rẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni. Omi wà lójú ọmọlangidi mi. Nínú ibi tí kò sí atẹ́gùn. Ṣé kò ní dín iye ẹ̀ kù?"

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Omi kan ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣí i, Dókítà. Ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ fọ́ ọ."

"Kò ṣeé ṣí. Wọ́n ní ayùn tó bá gé ike yẹn, á gé òun náà."

Obìnrin náà fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ó mú etí aṣọ rẹ̀, ó rọra nu ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Há, ó ti gbẹ," dókítà ní. "Mo ṣì ń wò ó báyìí, ó kàn gbẹ, àfi bí ìgbà tẹ́nìkan nù ún." Ó rẹ́rìn-ín ayọ̀. "Ọpẹ́ o. Iye ẹ̀ ò dín nìyẹn."

Ó dágbére. Omi mìíràn ti jáde lójú bàbá náà, àbúrò rẹ̀ sì tún gbé etí aṣọ.