Ìjẹ Funfun Tí Dípọ̀ Sọ Nù

Ẹsẹ̀ ni Ọládípọ̀ kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjì ló yọ síta lábẹ́ mọ́tò Mọ́mì rẹ̀, sálúbàtà wà ní ọ̀tún, òsì wà lófo. Àárọ̀ Sátidé ni, ní Ìgbẹ́ìn. Kó tó la ẹnu láti pariwo olè, ẹsẹ̀ náà ti wọlé, ìyókù ara obìnrin kan sì yọ ní òdìkejì, eruku níwájú orí, àkùkọ funfun Mọ́mì lábíyá.

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo, ẹ ó dẹ́rù bà á."

"Àkùkọ wa lẹ gbé yẹn!"

"Mi ò gbé e, mo kàn dì í mú ni. Ìyẹ́ ọrùn mẹ́fà péré ni mo fẹ́, á sì hù padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gẹrun lánàá, ṣé ẹ kú ni?"

Ọládípọ̀ fọwọ́ kan orí. Òótọ́ ni, àná ló gẹrun. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, irú ẹ̀rín tí kò rín mọ́ láti ìgbà tó ti ń jí ní ìdájí wọ bọ́ọ̀sì ní Kútọ̀ lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, níbi tí ojú gbogbo ènìyàn ti le bí ilẹ̀kùn báńkì. Ó bá a di ẹsẹ̀ àkùkọ náà mú. Obìnrin náà fa ìyẹ́ mẹ́fà, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ adìyẹ. Kò tọrọ kankan lọ́wọ́ Dípọ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?"

"Ẹ wá wò ó ní Kémta, bí ẹsẹ̀ yín bá gbà."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà. Ọkùnrin a máa tẹ̀ lé obìnrin lọ síbi tí kò mọ̀, pàápàá tí eruku bá yẹ obìnrin náà níwájú orí.

Moyọ̀sọ́rẹ Ògúnrìndé ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń ṣe: ó ń so ìjẹ ìyẹ́ ńláńlá fún àwọn tó ń fi ìwọ̀ mú ẹja apanijẹ. Bàbá náà ti wa mọ́tò rí fún òyìnbó kan tí kì í rí omi kó má ju ìwọ̀ sí i, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Ní báyìí ọwọ́ bàbá ti ń gbọ̀n. Ọwọ́ ọmọ ló di ọwọ́ rẹ̀.

Moyọ̀ fi fáìsì kékeré kan di ìwọ̀ mú, ìwọ̀ tó gùn tó ìka àárín. Ó wé òwú mọ́ ọn, ó di irun ewúrẹ́ lé e, ó to ìyẹ́ funfun náà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó fi fọ́nrán tó ń dán, tó tú lára léèsì àtijọ́, sáàárín, ó sì lẹ ìlẹ̀kẹ̀ méjì mọ́ ọn bí ojú. Lórí tábìlì, ó dà bí fìlà ọmọ-ọwọ́ tí ajá ti jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó fà á kọjá nínú ọpọ́n omi, ìyẹ́ náà mí. Ó di ẹja.

"Ta ló ń ra èyí?"

"Àwọn ará Èkó kan. Àwọn ará òkè òkun náà, wọ́n ní ẹja kan tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ti ọ̀nì. Àwa ní eléyín nínú omi Ọ̀yán."

"Eléyín!" Bàbá Ògúnrìndé ta jí lórí àga rẹ̀. "Bó bá panu dé, eyín ṣì wà níta. Ó ń já nálọ́ọ̀nù bí ẹni já òwú, ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí a fi ń so wáyà ṣáájú ìjẹ. Ẹni tó bá máa jù ú ló ń so wáyà fúnra rẹ̀." Ó wo orúnkún rẹ̀. "Mo fẹ́ fi ìjẹ ọwọ́ ọmọ mi mú ọ̀kan kí n tó kú. Àmọ́ n kò lè wa ọkọ̀ ojú omi mọ́."

"Èmi ni màá wà á fún yín, bàbá," ni Dípọ̀ wí. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú un.

Láti ọjọ́ náà, Sátidé Dípọ̀ di ti Kémta. Ó ń pe Moyọ̀ ní "Olè adìyẹ mi." Moyọ̀ ń pè é ní "Gẹrun-gẹrun." Òwú ló kọ́kọ́ ń bá a dì mú, nígbà tó yá ó di ọwọ́. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án tí wọ́n ti mọra, Dípọ̀ sọ pé òun fẹ́ kí Mọ́mì rí i.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Mọ́mì jẹ́ pírínsípà tó ti fẹ̀yìn tì, àwòrán àwọn ẹbí nínú gáùn yunifásítì sì kún ògiri pálọ̀ rẹ̀. Nígbà tó bi Dípọ̀ pé iṣẹ́ wo ni ọmọ náà ń ṣe, Dípọ̀ wo ògiri, ó ní, "Aránṣọ ni, Mọ́mì."

Ní Mọ́ńdè Àjíǹde, Moyọ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn dáadáa. Mọ́mì tẹ́wọ́ gbà á, ó sì tẹ́ léèsì tuntun sórí itan rẹ̀.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Wá wọ̀n mí. Ìwọ ni mo fẹ́ kó rán aṣọ àádọ́rin ọdún mi."

Dípọ̀ ni Moyọ̀ yíjú wò. Ó fún un láyè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ó fún un láyè tó ènìyàn fi lè sọ òtítọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kápẹ́ẹ̀tì ni Dípọ̀ ń wò.

"Ẹ má bínú, Mà," ni Moyọ̀ wí. "N kò mọ aṣọ rán. Ìjẹ ẹja ni mo ń so." Ó mú páálí kékeré kan jáde nínú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì. Ìjẹ funfun ọjọ́ kìíní ló wà níbẹ̀. "Ẹ̀bùn tí mo mú wá fún yín nìyí. Àkùkọ yín ló ni ìyẹ́ náà." Ó dìde, ó sì jáde láì yára.

Mọ́mì wo ọmọ rẹ̀. "Kí ló dé tó o fi purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

"Mo rò pé ẹ máa..."

"Pé mo máa kí ni? Àwọ̀n ni bàbá-àgbà rẹ ń hun létí odò Ògùn. Owó àwọ̀n ni mo fi kàwé."

"Ẹ ò sọ fún mi rí."

Mọ́mì ká léèsì náà, ó tún tú u. "N kò sọ," ló wí. "Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ìtìjú yẹn nìyẹn."

Dípọ̀ lọ sí Kémta lẹ́ẹ̀mẹta, Moyọ̀ kò yọjú. Bàbá ló jáde wá lọ́jọ́ kẹta. "Kì í ṣe èmi lo ṣẹ̀, n kò lè bá a dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ṣì wà ní Ọ̀yán o." Ó yẹ kí Dípọ̀ padà wá nítorí ọkọ̀ náà nìkan. Ṣùgbọ́n ojú tì í. Ó ní òun á lọ lóṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ di ọdún mẹ́ta.

Àsíátù, ará Kémta tí wọ́n jọ máa ń wọ bọ́ọ̀sì, ló sọ fún un ní Kútọ̀: "Bàbá Ògúnrìndé yẹn? A ti sin wọ́n lóṣù tó kọjá."

Dípọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Kò lọ síbi iṣẹ́. Ó mú ìjẹ funfun náà lórí tábìlì Mọ́mì, ó yá ọ̀pá ìwọ̀, ó sì dá wa ọkọ̀ sórí omi Ọ̀yán, bí ẹni pé òkú ń wò ó. Ó ju ìjẹ. Lẹ́ẹ̀keje, omi fọ́, ohun kan gbá a mú pẹ̀lú agbára, ọ̀pá tẹ̀, lẹ́yìn náà ohun gbogbo rọ̀. Nálọ́ọ̀nù lásán ló fà wálé.

Pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó dé Kémta ní ìrọ̀lẹ́. Moyọ̀ wà nídìí fáìsì. Ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Má pè mí ní sà, Moyọ̀. Mo ti sọ ìjẹ rẹ nù. Eléyín gbé e lọ."

"Kí lo so ṣáájú rẹ̀?"

"Nálọ́ọ̀nù."

"Láìsí wáyà?"

"Mo gbàgbé."

Ẹ̀rín já lẹ́nu Moyọ̀, ó sì di ẹkún kó tó parí. Dípọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mo sẹ́ ẹ lójú rẹ. Mo sì jẹ́ kí bàbá dúró títí tí wọ́n fi lọ. Èyí kejì, kò sí ẹni tí mo lè tọrọ àforíjì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Moyọ̀ wọ yàrá, ó mú agolo bisikíìtì kan jáde. Ìjẹ kan ló wà níbẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ wọ́, òwú rẹ̀ rí gbágungbàgun. Wáyà ti wà ní imú rẹ̀, a so ó lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dì.

"Ọwọ́ wọn ni. Odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi so ó. Mo ní, 'Bàbá, ṣebí ẹni tó máa jù ú ló ń so wáyà?' Wọ́n ní, 'Ti Dípọ̀ ni. Á gbàgbé.'"

Dípọ̀ fi iwájú orí kan ilẹ̀, kò sì lè gbé e.

"Dìde," ni Moyọ̀ wí nígbà tó yá. "Eruku ti wà níwájú orí rẹ."

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó síwájú akọ̀wé ìjọ tó ń kọ fọ́ọ̀mù ìgbéyàwó. Mọ́mì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Iṣẹ́ ìyàwó?"

"Ó ń so ìjẹ ìyẹ́ fún ẹja ńláńlá," ni Dípọ̀ wí, ohùn rẹ̀ kan àjà.

"Ṣé kí n kọ oníṣòwò?"

"Ẹ kọ ohun tí ọmọ mi sọ," ni Mọ́mì wí.

"Iṣẹ́ bàbá ìyàwó?"

"Òun náà so ìjẹ."

"Ṣé wọ́n wà láyé?"

Moyọ̀ di ọwọ́ Dípọ̀ mú lábẹ́ tábìlì. Òun ni ìdáhùn náà tọ́ sí láti sọ, àmọ́ ó fún Dípọ̀ láyè, bó ṣe fún un lọ́jọ́sí. Lọ́tẹ̀ yìí, Dípọ̀ gbójú sókè.

"Rárá," ló wí. "Wọ́n ti lọ. Wọ́n dúró dè mí títí."