Òdòdó Ìṣápá Lórí Aṣọ Ìyá Àgbà

"Hidayat, òdòdó dà? Dúdú ni mò ń rí."

Báyìí ni Aunty Súmbọ̀ ṣe dá fóònù mi padà fún mi lójú gbogbo kíláàsì. Ayàwòrán ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn ò jìnnà sí ilé ìwé wa ní Ìkòsì, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì máa ń wá kọ́ wa. Lọ́sẹ̀ yẹn, àwòrán òdòdó tó mọ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n ń kọ́ wa, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa funfun báláú. Èmi wá lọ ya tèmi níwájú ògiri tí èéfín ti bò. Orí mi!

"Ẹ ta aṣọ funfun sójú fèrèsé," ni wọ́n tún wí, "kí òdòdó wà níwájú rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ òdòdó lójú fóònù, kí ẹ wá rọra fa àmì oòrùn kékeré yẹn sókè. Ẹ má fà á jù o, kí òdòdó má bàa rá mọ́ funfun. Kí aṣọ náà mọ́. Kámẹ́rà kì í bo àbàwọ́n. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, òun ni màá fi kámẹ́rà mi kọ́ ní gbogbo ọlidé."

Kámẹ́rà yẹn wù mí débi pé mo fi ń lá àlá.

Nílé wa, aṣọ funfun kan péré ló mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Inú àpótí Ìyá Àgbà ló wà. Mẹ́kà ni wọ́n ti rà á, omi Sàmúsámù ni wọ́n fi fọ̀ ọ́, òun ni wọ́n sì ní kí a fi sin àwọn lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Ìyá Àgbà ló tọ́ mi dàgbà. Àjíkẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Tí wọ́n bá fi lè pè mí ní Hidayat, mo ti dáràn nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Ìyá Àgbà ti lọ sí àdúrà àsàlátù. Ìṣápá tí wọ́n gbìn sínú ike ọ̀dà lẹ́yìn ilé, èyí tí wọ́n fi ń se sóbò, ti yọ òdòdó. Ó mà rẹwà o! Ṣùgbọ́n òdòdó ìṣápá kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá di ọ̀sán, ó ti ká.

"Lọ mú aṣọ yẹn jàre," ni Loveth ọ̀rẹ́ mi wí. "Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, a ti dá a padà."

"Jẹ́ kí wọ́n dé, kí n tọrọ ẹ̀."

"Ṣé òdòdó ẹ máa dúró ni?"

Mo ṣí àpótí. Òórùn tùràrí gbà mí nímú. Nígbà tí mo ta aṣọ náà sójú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ wọlé, yàrá wa mọ́ rekete. Loveth di ẹ̀ka ìṣápá mú, mo tẹ òdòdó, mo fa oòrùn kékeré sókè. Háà! Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, àárín òdòdó nìkan ló pọ́n.

"Ọ̀kan sí i," ni mo wí. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ Loveth ti yẹ̀. Bó ṣe fẹ́ di ara rẹ̀ mú, ó rún èso pupa ara ẹ̀ka náà mọ́ aṣọ. Pupa ti wọ aṣọ kó tó gbọ́wọ́ kúrò. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ọṣẹ tún sọ ọ́ di àwọ̀ aró.

Loveth rẹ ohùn sílẹ̀. "Ká ká a padà síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá máa lò ó, wọn ò kúkú ní lajú rí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi láyà. Ṣé ọjọ́ tí Ìyá Àgbà ò ní lè bá mi wí mọ́ ni irọ́ mi máa wá wà lára wọn? Mo ní kó máa lọ sílé. Mo jókòó ti àpótí, mo ń sunkún títí Ìyá Àgbà fi dé.

"Àjíkẹ́, kí ló dé?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo jí aṣọ yín lò láti fi ya òdòdó. Mo ti bà á jẹ́."

Wọ́n gba aṣọ náà, wọ́n ń fi ìka pa ojú àbàwọ́n yẹn.

"Hidayat."

Mo tẹrí ba.

"Ogún ọdún ni mo ti ń tọ́jú aṣọ yìí. Tó o bá bèèrè, ṣé màá pa ọ́ ni? Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà." Omi ti ń bọ̀ lójú wọn. "Àwòrán yẹn, má fi han ẹnikẹ́ni. A kì í fi ohun tí a jí gba ẹ̀yẹ."

Mo pa á rẹ́ níṣojú wọn. Ó dùn mí wọra.

Nígbà tó yá, wọ́n nu ojú. "Ṣùgbọ́n o ò fi pa mọ́ fún mi. Ìyẹn ni mo ṣe máa dárí jì ọ́. Dìde, lọ mú ọsàn wẹ́wẹ́ wá. Ta ló ń fi ọṣẹ fọ ìṣápá, olórí kunkun?"

A jọ fọ̀ ọ́. Ó mọ́, ó ku pupa díẹ̀. Nígbà tí wọ́n sá a sórí okùn, oòrùn gba inú rẹ̀ kọjá, Ìyá Àgbà sì dúró wò ó títí.

"Mi ò rí i nínú oòrùn rí," ni wọ́n wí. "Àṣé ó rẹwà tó báyìí. Inú òkùnkùn ni mò ń pa á mọ́ sí, inú òkùnkùn náà ló sì ń lọ." Wọ́n já òdòdó kan tí kò tíì ká, wọ́n dúró síwájú aṣọ náà. "Ó yá, ya èmi náà nígbà tí mo ṣì ń mí."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Elkanah ọmọ kíláàsì wa ni Aunty Súmbọ̀ mú. Òdòdó tirẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n àwòrán Ìyá Àgbà tí èmi mú wá pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

"Kí ni pupa ara aṣọ yìí?"

"Àṣìṣe mi ni, mà."

Wọ́n kàn fọ fọ́tò náà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Mi ò gba kámẹ́rà, mo sì sunkún díẹ̀, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ó ti yé mi pé ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹnu la fi ń tọrọ rẹ̀, bó ti wù kí ojú kán wa tó. Bí a bá sì ti ṣẹ̀, ká tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ẹni tó máa dárí jì wá ṣì wà láàyè.

Ìyá Àgbà wo fọ́tò náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé e lé orí aṣọ inú àpótí.

"Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i," ni wọ́n wí, "ẹ̀rín mi ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí. Àjíkẹ́, bá mi ti àpótí yẹn."