Àpótí Tí Kò Sí Nínú Kóòdù

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ yìí o. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, n kò ní bá a jà, nítorí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí gan-an kò tíì gbà á gbọ́ tán. Kì í ṣe òru ló ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe inú igbó. Ọ̀sán gangan ni, nínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń kùn, tí àwọn ènìyàn jókòó ti kọ̀ǹpútà wọn jẹ́ẹ́.

Àǹtí Ìwọ̀n ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣe ojú ìwé tí àwọn ènìyàn ń kà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ní lẹ́tà kan kéré jù, á ní, "Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná." Bí ẹ bá ní ó tóbi jù, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àwọn ará ọ́fíìsì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá fún un ní ẹ̀bùn, á kọ́kọ́ wọn páálí rẹ̀ kó tó dúpẹ́.

Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn kì í ṣe ti oníbàárà. Ti ìyá rẹ̀ ni. Ìyá ti kú, ọmọ sì ń ṣe ojú ìwé ìrántí fún un. Ó ti da ohùn tí ìyá fi sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀ kọ sílẹ̀, kò sì tíì fi han ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ ló ń kán an lójú. Àìsàn ti jẹ ojú Bàbá lọ, díẹ̀ ló kù. Lọ́la ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, dókítà kò sì fi bò pé ó lè là, díẹ̀ tó kù náà sì lè lọ.

"Kí wọ́n tó gbé abẹ sí mi lójú," Bàbá ti wí, "ojú ara mi ni mo fẹ́ fi ka ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. Kí ẹnikẹ́ni má kà á fún mi o."

Ó nídìí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń bà jẹ́, ìyàwó rẹ̀ máa ń fi gègé dúdú ńlá kọ ọ̀rọ̀ sórí páálí, á wá dúró síwájú rẹ̀. "Ó tó?" "Kò tó." Á yí páálí padà, á kọ ọ́ tóbi sí i. "Ó tó?" "Kò tó." Kì í sú u. Gbogbo ilé kún fún páálí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, kó má baà rú yín lójú. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ bí lẹ́tà yóò ṣe tóbi tó pọ̀. Píksẹ́lì wà, ìyẹn àmì tín-ín-tín tí wọ́n fi to ojú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ẹ bá pè ní ogún píksẹ́lì, ogún ni, ó dúró bí ìṣó. Ẹ́ẹ̀mù tún wà. Òun kì í dá dúró, àpótí tó gbé e ló ń wò, ìyẹn àyè tí wọ́n pààlà fún ọ̀rọ̀ lójú ìwé. Bí àpótí bá tóbi, lẹ́tà á tóbi tẹ̀ lé e, bí ọmọ tó ń wo ojú ìyá rẹ̀.

Mẹ́rìndínlógún píksẹ́lì ni lẹ́tà ojú ìwé náà látilẹ̀. Àǹtí Ìwọ̀n fi ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ sínú àpótí kan, ó ní kó jẹ́ ẹ́ẹ̀mù kan àti ìdá mẹ́rin. Ẹ́ẹ̀mù kan jẹ́ mẹ́rìndínlógún yẹn, ẹ fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kún un, ogún ni yóò jẹ́. Ó wọ̀n ọ́n. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ọ̀gá Kóòdù, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó lódìkejì, ń jẹ bisikíìtì. Nígbà tó gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"O ti ki àpótí bọnú àpótí. Ogún tún fi ìdá mẹ́rin lé ara rẹ̀, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àṣìṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́! Wá àpótí kejì jáde."

"Mo ti wá a."

"Tún un wá."

"Ìwọ wá wá a."

Ó dìde wá. Ó ka kóòdù náà, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láàárín kan, ó ṣíwọ́ bisikíìtì jíjẹ.

"Àpótí kan ṣoṣo ló wà níbí," ó wí.

"Ohun tí mo ń sọ láti ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn."

Wọ́n pa gbogbo rẹ̀ dé, wọ́n tún un ṣí. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kì í ṣe ẹ̀rù ló kọ́kọ́ ba Àǹtí Ìwọ̀n o. Inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn díẹ̀, nítorí obìnrin yẹn fẹ́ràn kó rí ohun tí kò yé e. Ó fa àga mọ́ tábìlì. Ó yọ ẹ́ẹ̀mù, ó fi rẹ́ẹ̀mù sí i. Rẹ́ẹ̀mù kì í wo àpótí tó gbé e rárá, gbòǹgbò ojú ìwé nìkan ló ń wò. Ẹgbẹ̀rún àpótí ì báà wà láàárín, kò kàn án.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wọ̀n ọ́n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀.

"Ìdá mẹ́rin tún ti gun orí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n," Ọ̀gá Kóòdù sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Nǹkan kan tún ti wọlé."

"Wọlé síbo?"

"Sáàárín."

Ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́. Wọ́n wo ojú ìwé náà. Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù kò mira. Ọ̀rọ̀ ìyá nìkan ló ń tóbi: *Ẹ má jẹ́ kí bàbá yín máa dá jẹun.* Òórùn kan wá ta wọ́n nímú, òórùn gègé dúdú tí wọ́n fi ń kọ páálí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ìró, bíi gègé tó ń họ páálí. Kín-ìn. Kín-ìn.

"Ta ló ń kọ nǹkan?" Ọ̀gá Kóòdù bèèrè.

Kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan. Orí Àǹtí Ìwọ̀n wú. Ó ṣe ohun tí gbogbo oníṣẹ́ bíi tirẹ̀ máa ń ṣe bí nǹkan bá dojú rú: ó yí i sí píksẹ́lì. Ogún. Ó tún fi àṣẹ kún un pé kí ohunkóhun má borí rẹ̀. Ó wọ̀n ọ́n, ogún ni. Òórùn lọ, ìró dákẹ́. Bàbá lè fi ọwọ́ fẹ̀ ẹ́ bó bá fẹ́, ó sọ fún ara rẹ̀. Ó pa lápútọ́ọ̀pù dé. Kò tíì gbé ojú ìwé náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, inú ẹ̀rọ yẹn nìkan ló wà.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó délé. Bàbá wà lórí àga gígùn ní pálọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lórí itan.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà."

"Kí ló dé tí o dá a dúró?"

"Kí ni mo dá dúró, Bàbá?"

"Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. Mo ń kà á lọ́sàn-án yìí. Ó kéré, mo ní kò tó. Ó ṣe é tóbi. Mo tún ní kò tó, ó tún un ṣe. Ó kù díẹ̀ kí n rí i tán ló padà kéré, ó sì gan síbẹ̀."

Àǹtí Ìwọ̀n sún mọ́ ọn. Ó gba tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Ó tutù, ojú rẹ̀ dúdú, iná rẹ̀ ti tán pátápátá.

"Bàbá, nǹkan yìí ti kú. Kí lẹ kà níbẹ̀?"

"'Ẹ má jẹ́ kí bàbá yín máa dá jẹun.' Èyí tó kù ni n kò rí."

"Ta lẹ ń sọ fún pé kò tó?"

Bàbá kàn kọjú sí i, bí ẹni pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni.

Àǹtí Ìwọ̀n jókòó tì í, ó ṣí lápútọ́ọ̀pù. Ó yọ ogún píksẹ́lì kúrò, ó yọ àṣẹ kúrò. Kò fi nǹkan kan rọ́pò wọn. Ó kọjú ẹ̀rọ náà sí Bàbá, ó sì gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Kín-ìn.

"Kò tó," ni Bàbá wí. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Kín-ìn. Lẹ́tà wú.

"Kò tó."

Ó tún wú. Òórùn gègé gba pálọ̀ kan. Àǹtí Ìwọ̀n ń sunkún, kò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n," Bàbá wí. "Ó tó."

Ó sì kà á fúnra rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "'Ẹ má jẹ́ kí bàbá yín máa dá jẹun. Bó bá ní òun ti yó, irọ́ ló ń pa. Ẹ jókòó tì í.'" Ẹ̀rín pa á. "Obìnrin yìí! Kò ní yé tú mi láṣìírí."

Iye píksẹ́lì náà wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà. Àǹtí Ìwọ̀n na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Títí dòní, kò wọ̀n ọ́n.

"Sún díẹ̀," Bàbá wí. "O jókòó sí àyè rẹ̀."

Ó dìde. Ó wo tìmùtìmù tó ti dìde lórí rẹ̀, ó ń retí kó wú padà. Kò wú, ó tẹ̀ síbẹ̀ bí ìgbà tí ẹnìkan ṣì jókòó lé e. Lẹ́yìn náà ó lọ sí kíṣíìnì, ó bu oúnjẹ alẹ́, ó sì gbé abọ́ mẹ́ta wá.