Ẹsẹ̀ Tó Ń Wọ́ Nínú Ìgbì

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyàwó Ẹlẹ́tàn ni ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí obìnrin náà máa ń sùn sí ti kọ̀, tí kò padà bọ̀ sípò. Ó tẹ̀ wọnú bí ẹni pé ènìyàn ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹlẹ́tàn yí tìmùtìmù náà padà. Ibi kan náà ló tún tẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò ráyè bẹ̀rù.

Iṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ẹlẹ́tàn. Ẹ̀rọ kan wà níbi iṣẹ́ wọn tó ń fetí sí ìgbì tó ń ti ojú sánmà wá, nígbà tí ìràwọ̀ méjì tó ti kú bá ń yí ara wọn po kí wọ́n tó kọlura. Òun ni wọ́n yàn láti máa ki ìgbì ayédèrú bọ inú ẹ̀rọ náà ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọn tó ń ṣọ́ ọ kò sùn. Ó máa ń gbádùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà ìsìnkú, kò ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin tó jẹ́ Ọ̀gá wọn pè é sí ọ́fíìsì. Orí ìwádìí ohun kan ṣoṣo ni irun Ọ̀gá ti funfun: ohun tó kún òfuurufú tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò lè kàn, àfi ìwúwo rẹ̀ nìkan la fi mọ̀ pé ó wà. Ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé bí ìràwọ̀ bá ń la àárín rẹ̀ kọjá, yóò fà wọ́n lẹ́sẹ̀, ìgbì á sì tú àṣírí rẹ̀.

"Ìgbì náà ti dé," ni Ọ̀gá wí. "Ọ̀la ni mo fẹ́ kéde rẹ̀ fáyé. Àmọ́ òfin wa ni pé kí n kọ́kọ́ bi ọ́. Ìwọ kọ́ lo ki í bọ̀ ọ́, àbí?"

"Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ ná, mà."

Ọ̀gá tẹ bọ́tìnnì. *Gbì. Fẹ̀ẹ̀ẹ̀. Gbì. Fẹ̀ẹ̀ẹ̀.* Ọ̀kan wúwo, ìkejì ń wọ́ tẹ̀lé e, ìdákẹ́ díẹ̀ bí ìgbà téèyàn bá di ògiri mú.

Ẹlẹ́tàn jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ó mọ ìrìn yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbọ́ ọ láti yàrá dé ilé ìdáná. Kò sí ohun tí ìyàwó rẹ̀ kórìíra láyé tó kí ènìyàn máa wo òun bí òun bá ń tiro.

Ó ro ti ọ̀la: gbogbo ayé, kí wọ́n dẹ etí sí ẹsẹ̀ kan yìí.

"Èmi ni, mà."

Ọ̀gá wò ó títí. "Mo rò pé ọ̀fọ̀ á gba àwàdà lẹ́nu ẹ."

"Ó gbà á tẹ́lẹ̀, mà."

Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé orí lé tábìlì. Kò bú u rárá. Ìyẹn ló dun Ẹlẹ́tàn jù.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tó fi délé. Tòun ti bàtà ló fi dùbúlẹ̀. Kò pẹ́, ó gbọ́ ọ láti ilé ìdáná: *gbì, fẹ̀ẹ̀ẹ̀*. Ẹ̀gbẹ́ kejì ibùsùn rọra tẹ̀ sí i.

Ẹlẹ́tàn sún mọ́ ògiri kó lè fún un láàyè.

"Mo ti bá ẹ purọ́ fún wọn," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jọ̀ọ́, máa rọra rìn. Wọ́n ń gbọ́ ẹ."