Aṣọ Iléyá Balqees

Ọjọ́ kẹrin tí Balqees wọ aṣọ Iléyá rẹ̀ ni awọ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì lé ròrò bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Kó tó di Jímọ́ọ̀, ọmọ ọdún méjìlá náà ti kú. Wọ́n sin ín, gbogbo agboolé ní Akpakpa, ní Kútọnu, sì ń bi ara wọn pé irú ikú wo nìyí.

Oyèníkẹ́, ìyá rẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó mọ ẹni tó fún ọmọ òun láṣọ. Ṣàrífátù ni, ìyáálé rẹ̀ tó ń ta aṣọ òkìríkà ní ọjà Missèbo, tí Ọlọ́run kò fún lọ́mọ. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ gáùn aláwọ̀ ewé náà nínú ìdì. Àwọn aládùúgbò tún fi iyọ̀ sí i: wọ́n ní ẹyẹ dúdú kan bà sórí páànù Ṣàrífátù lọ́sàn-án gangan, kò sì fò nígbà tí wọ́n lé e.

Nídìí ẹ̀rọ omi, lójú gbogbo obìnrin, Oyèníkẹ́ dojú kọ Ṣàrífátù. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń kúnlẹ̀ kí ìyáálé rẹ̀; lọ́jọ́ náà, "ìwọ" ló pè é.

"Ìwọ àjẹ́ yìí! O ò bímọ, o wá fi aṣọ bó ọmọ mi láwọ!"

"Oyèníkẹ́, ẹ̀yìn mi ni Balqees sùn dàgbà," ni Ṣàrífátù wí. "Báwo ni màá ṣe pa á?"

Wọ́n sun aṣọ náà. Mùílíù, ọkọ wọn, ní kí Ṣàrífátù lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Abomey-Calavi ná. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ibà mú Háàrúnà, àbúrò Balqees. Oyèníkẹ́ ṣí agolo wàrà tó ń kó oògùn sí. Èyí tó rà lọ́wọ́ obìnrin tó ń kiri oògùn, nígbà tí ibà mú Balqees tí Iléyá ku ọ̀la, ṣì kù níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé a kì í da oògùn nù. Ó fún Háàrúnà ní méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, ojú Háàrúnà pọ́n. Ètè rẹ̀ lé ròrò.

Aṣọ ti jóná, Ṣàrífátù kò sí nílé, ta ló wá kù? Oyèníkẹ́ gbé ọmọ sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

"Ìyá, kí ni ọmọ yìí lò?" Armelle, nọ́ọ̀sì, ló bi í.

"Oògùn ibà lásán ni, ọmọ mi."

"Ẹ lọ mú un wá."

Nígbà tí Armelle rí i, ó mí kanlẹ̀. "Oògùn yìí ni, Ìyá. Ara àwọn mìíràn kì í gbà á, ó máa ń bó wọn láwọ. Ó sì lè rìn nínú ẹbí. Ṣé ẹnì kan ti lò ó rí nílé yín?"

Oyèníkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó rántí bí Balqees ṣe ń yí ojú kúrò nígbà tí ẹnu ń ta á, tí òun sì di imú rẹ̀ mú kó lè gbé oògùn náà mì. Bí awọ ọmọ ṣe ń bó, bẹ́ẹ̀ ni òun ń fún un sí i. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ọlọ́run ṣàánú, Háàrúnà yè é. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, Oyèníkẹ́ lọ bẹ Ṣàrífátù ní Calavi. Ó mú un padà wá sídìí ẹ̀rọ omi kan náà, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyàwó ilé, kì í ṣe ìyáálé mi ló pa Balqees. Ọwọ́ tèmi yìí ló fún ọmọ mi lóògùn tó pa á. Ìyáálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Ṣàrífátù fà á dìde.

"Aṣọ yẹn, ṣé kò ṣẹ́ kù rárá?"

"A ti sun ún, mà."

"Mo kàn fẹ́ nǹkan tó kan ara Balqees ni," ni Ṣàrífátù wí, ó sì bú sẹ́kún.