Ilẹ̀ Tí Mo Ní Kó Sinmi

Ọdún 2007 ni mo kọ́kọ́ rí Akíntúndé, ní abúlé kan lẹ́yìn Benin, níbi tí mo ti ń fi píjìn kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú ilẹ̀. Mo ní kí wọ́n má sun igbó mọ́. Òun nìkan ló fi Yorùbá dá mi lóhùn.

"Àǹtí, ejò inú igbó náà ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá bẹ̀ ẹ́?"

Inú bí mi, ẹ̀rín sì pa mí. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí. Ní ilé tí mo háyà ní Ogida, nínú ìlú Benin, ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí n má gbọ́ Yorùbá létí. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni òun. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọjá àlà.

Bàbá mi kò ta kò ó. "Ṣùgbọ́n kí oko rẹ̀ gún régé kó tó wá tọrọ ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́."

Ilẹ̀ tí àwọn àgbà abúlé fún Akíntúndé ti ṣá. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ.

"Jẹ́ kó sinmi fún ọdún méjì," mo sọ fún un.

"Ṣé ó dá ẹ lójú, ayọ̀ mi?"

"Ṣebí iṣẹ́ mi nìyẹn."

Ó lọ ń ru pákó ní New Benin. Nígbà tí ọdún méjì pé, a jọ lọ wo ilẹ̀ náà. Ebè iṣu ẹlòmíràn la bá níbẹ̀.

"My pikin, na bush we see," ni àgbà abúlé wí. "We think say you don go. We don give another person."

Níbẹ̀, àlejò kì í ní ilẹ̀ ju ìgbà tó bá ń ro ó lọ. Ní Ọ̀wọ̀, ilẹ̀ bàbá mi ì báà di igbó kìjikìji, ti bàbá mi ni. N kò tiẹ̀ ronú láti béèrè. Èmi, olùkọ́ wọn! Akíntúndé mọ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé mo ti bá àwọn àgbà sọ ọ́.

Kò bú mi. Ó wù mí kó bú mi. Ní gáréèjì, níbi tó ti fẹ́ wọkọ̀ padà sí Ìkàrẹ́, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jẹ́ ká fẹ́ra wa bẹ́ẹ̀. Màá bá bàbá mi sọ̀rọ̀."

"Tọ́pẹ́ mi, kí ni màá sọ níwájú wọn? Pé ọmọ wọn ló ń bọ́ mi?" Ó nu omijé mi. "Mi ò bínú sí ẹ. Má dúró dè mí."

Mo dúró ọdún mẹ́ta, kí n tó gbọ́ pé ó ti gbéyàwó ní Ìkàrẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní abúlé mìíràn, obìnrin kan bi mí bóyá kí òun jẹ́ kí ilẹ̀ òun sinmi.

"Mama, who give you the land?"

"Na my husband people."

"Make we go greet them first," mo wí.

Bí a ṣe ń lọ, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. "Madam, how many pikin you get?"

Mo ní kó rọra máa tẹlẹ̀, pé ọ̀nà náà ń yọ̀.