Ọkọ̀ Tí Ń Lọ sí Ìdí-Irókò

Sìlífátù aláró ń yí aṣọ nínú dúrọ́ọ̀mù ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Kémta nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó wà ní Ìdí-Irókò, ní ẹnubodè ilẹ̀ wa tí ìjọba ti tì pa, níbi tí Jùbrílù ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ sójà.

Láti ìgbà tí owó ìjọba ti dínkù, ọkọ̀ ológun tí í gbé wọn wálé kì í fi bẹ́ẹ̀ rí epo mọ́. Bí mọ́tò bá ti kùn lójú títì, Sìlífátù á dá ọwọ́ dúró, á tẹ́tí.

Lọ́sàn-án yẹn, Dìran tí ń ta kẹrosíìnì ní Láfẹ́nwá yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó Sójà, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé. Kẹrosíìnì dà? Èéfín igi ti fẹ́ẹ̀ fọ́ mi lójú."

"Ó wà. Mo fẹ́ kó dúrọ́ọ̀mù díẹ̀ sáàárín ti aró yín títí di ọjọ́ Ẹtì. Ta ni yóò dá a mọ̀? Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ wa yóò wá kó o lọ sí Ìdí-Irókò. Ẹ jókòó síwájú, kí ẹ lọ rí ọkọ yín."

Ọwọ́ Sìlífátù dúró. "Ìdí-Irókò gan-an?"

"Ibẹ̀ náà ni."

Ó ní kí Dìran jẹ́ kí òun rò ó wò, àmọ́ nínú ọkàn rẹ̀, ó ti ń yan ìborùn tí yóò lò.

Kò pẹ́ ni Bàbá Ọláògún, sájẹ́ǹtì tó ti fẹ̀yìn tì, dé láti Ìjẹmọ̀ wá gba kámpálà ìyàwó rẹ̀. Sìlífátù fi ayọ̀ ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

"Kẹrosíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tí o fi ń yọ́ àbẹ́là fún aṣọ? Ṣé o fẹ́ sun Kémta ni?"

"A ó gbé e jìnnà sí iná, Bàbá."

"Ó dáa. Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ kí o jókòó síwájú?"

"Wọ́n fẹ́ ṣe mí lóore ni."

"Oore? Wọ́n fẹ́ kí àwọn sójà rí ìyàwó sójà bíi tiwọn, kí wọ́n má baà tú ẹ̀yìn ọkọ̀ wò. Epo tí wọ́n fẹ́ jí kọjá ẹnubodè ni. Ta ló sì ń ṣọ́ ẹnubodè?"

"Ọkọ mi ni."

"Bí Jùbrílù bá jẹ́ kí o kọjá, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Bí ó bá dá ọ dúró, ìyàwó ara rẹ̀ ló mú."

"Àárò rẹ̀ ló ń sọ mí, Bàbá."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n epo tí wọ́n ń kó lọ yìí ni kò jẹ́ kí èyí tó kù kárí wa. Ìjọba á tún máa fi owó ra òmíràn lókè òkun, owó tí wọn ìbá fi bu epo sínú ọkọ̀ tí yóò gbé ọkọ rẹ wálé. Ìbọn nìkan kọ́ la fi ń ṣọ́ ìlú. Ìlú tí epo rẹ̀ bá ń jò, ẹsẹ̀ ni sójà rẹ̀ yóò máa fi rìn."

Nírọ̀lẹ́, Dìran padà. "Ṣé ká kó o wọlé?"

"Ẹ má kó o wá."

"Ẹ ò fẹ́ rí ọkọ yín mọ́? Àbí ẹ ti rí òmíràn?"

"Mo fẹ́ rí i. Mi ò kàn fẹ́ kó rí mi nínú ọkọ̀ yín ni."

Dìran bínú lọ. Sìlífátù tẹ́tí sí ìró mọ́tò rẹ̀ títí ó fi dákẹ́ lápá Láfẹ́nwá.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ bá òun fi epo pamọ́ sílé, ẹ kọ̀, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí. Ìwọ̀nba epo tí ẹ bá rí, ẹ ṣọ́ ọ lò: ẹ dé ìkòkò lórí iná, ẹ pa sítóòfù ní kété tí oúnjẹ bá jinná. Owó ìlú kò pọ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí èyí tó kù dé ibi tó yẹ. Ẹni tí àárò rẹ̀ ń sọ yín lè wà lẹ́nu ìṣọ́ lónìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin ni yóò na ìbọn sí.